Bí o ṣe lè múra fún ìdánwò àbáwọlé ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ìwọ ọmọ Yorùbá tó wà ní Àbújá àti òkè Ọya

Kubwa ni mò ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sì ni mò ń ṣe. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí tábìlì oúnjẹ mi ti di tábìlì ìkàwé ní ọ̀sán Sátidé tí n kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Jos ti jókòó síbẹ̀, ọmọ Ọ̀fà tó dàgbà sí Kaduna náà ti jókòó síbẹ̀, àwọn ọmọ Kàbbà sì máa ń wọkọ̀ wá láti Mararaba. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Àbúrò mi, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Níbi tó bá ti kan àwọn òbí, màá yíjú sí wọn.

Nígbà àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi ṣe ìdánwò yìí, mo fìdí rẹmi. Mo ti ra ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, mo sì há ìdáhùn inú rẹ̀ sórí látòkè délẹ̀: ìkẹtàlá A, ìkẹrìnlá D. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn ìbéèrè tí mo mọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti yí wọn díẹ̀. Wọn ò béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró mọ́; ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí omi bá kún ibẹ̀ ni wọ́n béèrè. Mo mọ orúkọ ibẹ̀, n kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi dúró kí n tó tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé kó má fi ìdáhùn kankan sílẹ̀ láìmọ ìdí rẹ̀.

Kí a tó dé orí ìwé kíkà, iṣẹ́ kan wà tó ṣáájú.

Tún orúkọ rẹ ṣe kí o tó sanwó ohunkóhun

Kó NIN rẹ, èsì WAEC tàbí NECO, àti ìwé ọjọ́ìbí rẹ sórí tábìlì kan. Ka orúkọ tó wà lára wọn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lókè Ọya níbí, nǹkan kan máa ń ṣe àwa Yorùbá, pàápàá àwọn Mùsùlùmí inú wa. Bí o bá ní Rashidat lorúkọ rẹ, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lè kọ Rashida, torí bí àwọn Hausa ṣe ń pè é nìyẹn. Aminat á di Amina, Nafisat á di Nafisa. Àwọn tó ń jẹ́ Olúwa náà ní tiwọn: ìwé kan á ní Oluwaseun, òmíràn á ní Seun. Lójú ìyá rẹ, ọmọ kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ènìyàn méjì ni. Mo mọ ọmọbìnrin kan tó yege, tó ti ra bọ́kẹ́ẹ̀tì àti mátírẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n dá padà lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀ nítorí lẹ́tà "t" kan ṣoṣo. Inú NIN ni JAMB ti ń mú orúkọ rẹ, nítorí náà NIN ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe.

Tí ìyẹn bá ti tọ́, mú fóònù tìrẹ, má lo ti bùọ̀dá tàbí ti oníkafé. Kọ NIN, fi àlàfo kan sílẹ̀, kí o wá kọ nọ́ńbà mọ́kànlá náà, kí o sì fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Kóòdù tí wàá fi forúkọ sílẹ̀ fún JAMB (profile code) á wọlé. Nọ́ńbà tí o fi ránṣẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ JAMB yóò máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ títí wọn yóò fi gbà ọ́ wọlé, nítorí náà má yá ẹnikẹ́ni ní síìmù náà.

Èyí tó kù kò le. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì, Físíìsì, láàárín ìjókòó méjì péré. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú márùn-ún yìí, lọ tún ọ̀kan yẹn ṣe ná. WAEC ń ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún fún àwọn tí kò sí nílé-ẹ̀kọ́ mọ́. Má fi owó fọ́ọ̀mù ta tẹ́tẹ́.

Mọ ibi tí ò ń lọ

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Láyé tiyín, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì á lọ ra fọ́ọ̀mù ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, á ṣe ìdánwò wọn, ó parí. Nǹkan ti yí padà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti di kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fúnni ní ND àti HND, ọmọ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe JAMB. Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni yóò mú. Ní ọdún 2025, máàkì 140 ni JAMB fi ṣe òdiwọ̀n tó kéré jù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì, 150 sì ni ti yunifásítì. Ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ má jẹ́ kí 140 yẹn tàn yín jẹ o. Ẹnu ọ̀nà lásán ni. Àwọn tó ń dù ú pọ̀ ju ààyè tó wà lọ, nítorí náà mo máa ń ní kí àwọn ọmọ mi fojú sun igba ó lé.

Lẹ́yìn JAMB, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọmọ bá yàn á tún ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀: ìdánwò, lẹ́yìn náà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìṣirò lè wà nínú tiwọn bí kò tilẹ̀ sí nínú JAMB rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbàgbé èyí, tí wọ́n á ti gbé ìwé Ìṣirò tà.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì pọ̀ lágbègbè wa. Ti Àbújá wà ní Gwagwalada. Ti ìpínlẹ̀ Niger wà ní Bida, ti Kaduna wà ní Kafanchan, àwọn ọ̀sibítù ńlá ti yunifásítì ní Zaria àti Jos náà ní tiwọn. Àwọn ìjọ pẹ̀lú ní: ECWA ní Ẹ̀gbẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kogi, níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá tiwa, àti ti Kátólíìkì ní Kakuri ní Kaduna. Ohun tó máa ń dun àwọn ọmọ wa ni pé ilé-ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ á kọ́kọ́ wo ọmọ ìpínlẹ̀ náà. Wọ́n lè bí ọ sí Kaduna, kí o gbọ́ Hausa bí ẹni tí wọ́n bí sí ààfin Zazzau, síbẹ̀ inú ìwé, ọmọ Òṣun ni ọ́. Ó dùn mí fún yín, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí o fi ilé-ẹ̀kọ́ ti ọ̀sibítù ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìjọ kún ohun tí o máa wò, kí bàbá rẹ sì tètè lọ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ rẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n bá béèrè rẹ̀. Láti Kano dé Èjìgbò kì í ṣe ìrìn ọjọ́ kan.

Ibìkan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi. Àwọn kan wà láàárín ìgboro tó ń gba owó lọ́wọ́ òbí, tí wọ́n á ní àwọn ń kọ́ọ̀yàn ní nọ́ọ̀sì láìsí JAMB, láìsí kírẹ́díìtì. Auxiliary ni wọ́n ń pè é. Aṣọ funfun ni ọmọ yóò wọ̀, á máa gún abẹ́rẹ́, ìyá rẹ̀ á máa yọ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìwé ẹ̀rí tó gbà kò lè mú un jókòó fún ìdánwò Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ìgbìmọ̀ yẹn nìkan ló lè pe ènìyàn ní nọ́ọ̀sì lórílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n gbé orúkọ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó níbẹ̀ kí ẹ tó kówó jáde. Ẹni tó bá sì ní òun mọ ọ̀gá kan tó lè bá yín tún máàkì ṣe, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ara ènìyàn kan ni kí o fi kà á

Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjìlá ṣáájú JAMB, wákàtí méjì lójúmọ́. Nínú ààwẹ̀, lẹ́yìn sààrì lára máa ń fúyẹ́ jù. Nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin, má tan ara rẹ pé wàá kàwé ní aago méjì ọ̀sán láìsí iná.

Ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n ni pé ìwé náà pọ̀: Bàọ́lọ́jì lọ́tọ̀, Kẹ́mísírì lọ́tọ̀, Físíìsì lọ́tọ̀. Sátidé àkọ́kọ́, n kì í ṣí ìwé kankan. Màá gbé ọ̀rá omi dírípù kan jáde, irú èyí tí wọ́n máa ń fà sí aláìsàn lára, màá sì gbé e kọ́ ìṣó tó wà lára ògiri. Ara rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: 0.9%. Ìyẹn ni pé gíráàmù 9 iyọ̀ ló wà nínú lítà kan. Mílílítà 500 ni ọ̀rá yìí, èló wá ni iyọ̀ inú rẹ̀? Gíráàmù 4.5. Ìṣirò nìyẹn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 0.9, tí wọn ò kàn bu omi lásán sí i? Torí pé omi máa ń rìn lọ síbi tí iyọ̀ bá ti pọ̀. Bí o bá da omi lásán sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, omi á wọnú àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa, wọ́n á wú, wọ́n á bẹ́. Bí iyọ̀ bá sì pọ̀ jù, omi inú sẹ́ẹ̀lì á jáde, wọ́n á rún bí ata gbígbẹ. Osmosis inú ìwé Bàọ́lọ́jì rẹ nìyẹn, tí o ti ń há sórí láti SS1. Iyọ̀ yẹn, NaCl, 58.5 ni mólì rẹ̀ wúwo tó ní gíráàmù. Pín 9 sí 58.5, wàá rí 0.15 mólì nínú lítà kan. Kẹ́mísírì ti dé.

Kí ló dé tí mo fi gbé e kọ́ sókè? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí mo bá gbé e sílẹ̀ sórí ilẹ̀? Ìgbà yìí ni ojú wọn máa ń là. Bí ọ̀rá bá ga ju apá lọ, ìwúwo omi tó wà lókè ló ń ti èyí tó wà nísàlẹ̀ wọnú iṣan. Bí o bá gbé e sísàlẹ̀ apá, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn á gòkè padà wá sínú ọ̀pá. Ẹni tó bá ti sùn ní ọ̀sibítù rí ti rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Físíìsì ni, ọ̀rọ̀ agbára omi àti bí ó ṣe ga tó, èyí tí wọ́n ń kọ ní P = ρgh. Ní ìparí, mo á ní kí wọ́n ṣe èyí fún mi: dókítà ní kí omi 500 yìí wọlé tán láàárín wákàtí mẹ́rin, ẹ̀kán ogún ló sì ń pé mílílítà kan, ẹ̀kán mélòó ló gbọ́dọ̀ máa kán ní ìṣẹ́jú kan? 500 lọ́nà 20 jẹ́ 10,000; wákàtí mẹ́rin jẹ́ ìṣẹ́jú 240; pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 42.

Ọ̀rá omi kan, kókó mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni kí o máa ṣe pẹ̀lú ohun gbogbo tí o bá kà: ibà, ooru ara, ẹ̀jẹ̀ ríru, mímí. Bí o bá ka ọ̀rọ̀ jẹnotáìpù, AS àti AS tó fẹ́ ara wọn, má há 25% sórí lásán. Ya àpótí mẹ́rin, kọ A àti S sókè, A àti S sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o rí SS pẹ̀lú ojú rẹ nínú ọ̀kan. Kí o sì mọ̀ pé oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn; ọmọ àkọ́kọ́ tó jẹ́ SS kò gba ti àwọn àbúrò rẹ̀. Ìdánwò fẹ́ràn láti fi èyí dẹ ọmọ.

Ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ṣì wúlò. Bí a ṣe ń lò ó ni kí o yí padà. Ra ìwé olójú-ewé ọgọ́rùn-ún kan. Ogún ìbéèrè lójúmọ́ ti tó. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ ìdí tí ìdáhùn náà fi tọ̀nà, lẹ́yìn náà kí o wá kọ ìdí tí mẹ́ta tó kù kò fi tọ̀nà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló nira, òun ló sì lérè jù, torí mẹ́ta tó kù yẹn ni ìbéèrè ọdún tó ń bọ̀.

Ìkìlọ̀ kan: JAMB kò mọ̀ pé nọ́ọ̀sì lo fẹ́ ṣe. Bàọ́lọ́jì tí wọ́n fún ọ ni wọ́n fún ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ewé, gbòǹgbò, kòkòrò àti ilẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Má fò wọ́n.

Gẹ̀ẹ́sì àti ẹnu Yorùbá

Ìbéèrè ọgọ́ta ni Gẹ̀ẹ́sì nínú JAMB, ogójì-ogójì ni àwọn yòókù. Ìwé ìtàn tí JAMB bá yàn lọ́dún náà wà nínú ọgọ́ta yẹn, nítorí náà kà á tán lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ibi tí àwa Yorùbá ti ń pàdánù máàkì jù ni ìró ohùn, nítorí pé ẹnu wa ni à ń fi dáhùn.

Èdè wa kò ní v, kò ní z, kò ní ch, kò sì ní th. Tẹ́tí sí ara rẹ: church di ṣọ́ọ̀ṣì, driver di dírẹ́bà, television di tẹlifíṣàn, zinc di síǹkì. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí èdè ṣe ń gba àlejò nìyẹn. Àmọ́ bí wọ́n bá ní kí o mú ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ bá ti "chair" dọ́gba, tí wọ́n sì kọ "share" sínú rẹ̀, ẹnu rẹ á sọ fún ọ pé òun ni. "Fan" àti "van", "sip" àti "zip", "tin" àti "thin", "ship" àti "sheep": kọ wọ́n ní méjì-méjì, kí ẹlòmíràn máa pè wọ́n, kí ìwọ máa tọ́ka sí èyí tí o gbọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ tó. Bí o bá gbọ́ Hausa, o ti ní méjì nínú wọn lẹ́nu láìmọ̀: z wà nínú zuciya, ch sì wà nínú ciwo. Lo ẹnu Hausa rẹ fún wọn.

Kọ̀ǹpútà àti aago

Ìbéèrè 180, wákàtí méjì. Pín in: ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó mọ̀wé dáadáa lè má rí ìdajì Kẹ́mísírì ṣe nítorí pé ìṣirò kan ṣoṣo ni ó ń bá jà. Tí ọ̀kan bá le, fò ó, wàá padà wá.

Má gbára lé máúsì. Bọ́tìnì mẹ́jọ ti tó láti ṣe gbogbo ìdánwò náà: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R láti yí ìpinnu padà. Lọ sí kafé tó wà nítòsí ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí o fi bọ́tìnì nìkan ṣe àdánwò, títí ọwọ́ rẹ á fi mọ ọ̀nà.

Lọ wo ibùdó ìdánwò rẹ lójú ọjọ́ méjì ṣáájú. Tí o bá ń gbé ní Mararaba tàbí Nyanya, tí wọ́n sì ní aago méje àárọ̀, lọ sùn sílé ìbátan tó wà nítòsí ibẹ̀, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà yẹn kò mọ ẹni tó ń lọ ṣe ìdánwò. Aago ọwọ́ àti fóònù kò gbọdọ̀ bá ọ wọlé. Fọ ìka rẹ dáadáa, àwọn ọmọbìnrin kí wọ́n má ṣe lé làálì sí orí ìka ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ẹ̀rọ lè mọ àtẹ̀ka yín.

Níwájú àwọn ìgbìmọ̀

Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n á wo èékánná rẹ kí wọ́n tó wo ìwé rẹ. Gé e, yọ ọ̀dà tó wà lára rẹ̀, kó irun rẹ jọ. Àwọn òbí wa kọ́ wa láti kúnlẹ̀ kí àgbà. Níbẹ̀, tẹ orúnkún díẹ̀, kí wọn pẹ̀lú ohùn tó jáde, kí o sì wo ojú wọn bí o bá ń dáhùn. Ọmọ Yorùbá tó wolẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀, ẹni tí kò mọ àṣà wa lè rò pé ó ń purọ́.

Wọ́n á béèrè ìdí tí o fi fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Má sọ fún wọn pé o fẹ́ jápa. Má sì há ọ̀rọ̀ nípa ríran aráyé lọ́wọ́ sórí. Wọ́n ti gbọ́ ọ títí ó ti sú wọn. Sọ ohun kan tí ojú rẹ rí. Ọmọ kan tó jókòó sí tábìlì mi sọ fún wọn pé òun ló máa ń ka iye òògùn ìyá àgbà òun, tí òun rí i pé ilé ìtajà òògùn kọ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ sára páálí, dókítà sì kọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi í sílẹ̀ kó sọ̀rọ̀ títí.

Mọ ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí wọ́n bí Florence Nightingale ní 1820, tí gbogbo ayé fi ń ṣe ọjọ́ nọ́ọ̀sì. Kí o sì mọ tiwa: Kofoworola Abẹ́ní Pratt, tó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọ̀sibítù St Thomas' ní London, tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní UCH Ìbàdàn. Bí ó bá jẹ́ òkè Ọya ni o ti ń ṣe é, kọ́ díẹ̀ nínú Hausa bí o kò bá gbọ́. "Sannu" (ẹ pẹ̀lẹ́), "Yaya jiki?" (ara ńkọ́?) Ẹni tó ń béèrè á mọ̀ pé o ti ń ronú nípa aláìsàn tí wọ́n máa gbé síwájú rẹ.

Lẹ́yìn náà

Gbé èsì WAEC rẹ sórí JAMB kíákíá bí ó bá ti jáde. Wọn kì í gba ẹni tí kọ̀ǹpútà ṣì ń pè ní ẹni tó ń retí èsì. Máa wo CAPS, ojú-ewé JAMB lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń fúnni ní ààyè, lọ́sẹ̀ méjì-méjì, tí wọ́n bá sì fún ọ ní ààyè, fọwọ́ sí i kí ọjọ́ tó lọ. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì á ní kí o ṣe àyẹ̀wò ara. Nígbà tí o ṣì ń dúró, lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ràn. Ìgbà mẹ́ta ni: èkíní, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta nígbà tí oṣù mẹ́fà bá pé láti ọjọ́ èkíní. Bí o bá gba èkíní ní ọ̀sẹ̀ yìí, o lè ti gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán kí wọ́n tó kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ lé ọ lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù.